Ìwé àṣírí òṣìṣẹ́ àti oníbàárà: báwo lẹ ṣe ń pa á run ní UK?

Ìyá Ìbejì (Leeds):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo ní, à ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. A fẹ́ kó kúrò ní ọ́fíìsì, fáìlì sì kún ilẹ̀: ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, ìwé owó oṣù, àkọsílẹ̀ oògùn àwọn tí à ń tọ́jú. Ṣé kí n ra shredder, ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́, ni àbí kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibùdó ìdalẹ̀nù káńsù?

Bọ̀dá Délé (Milton Keynes):
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kó o lọ síbẹ̀. Ìdọ̀tí inú ilé ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún, ti ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni. Ní 2019, ICO, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn, bu owó ìtanràn £275,000 lé ilé oògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, torí wọ́n kó ìwé àwọn aláìsàn sínú àpótí tí wọn ò tì, sí àgbàlá ẹ̀yìn. Òjò ti pa òmíràn níbẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó wálẹ̀ sí £92,000 ní 2021. Ẹ wo owó yẹn lórí ìwé tí wọ́n kàn gbé sẹ́yìn ilé.

Àǹtí Akáǹtì (Luton):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà ẹrù kíkó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí òfin ní kí ẹ ṣì tọ́jú, àwọn kan sì wà tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ yín mọ́ rárá, torí UK GDPR, òfin ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn nílùú yìí, kò gbà ká máa pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù nípa àwa oníṣẹ́ kékeré: ẹni tó wá wáṣẹ́ ní ọdún 10 sẹ́yìn, tí a ò tiẹ̀ gbà síṣẹ́, ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa.

Ìwé owó oṣù, HMRC, àjọ owó orí, ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 3 lẹ́yìn tí ọdún owó orí tó kàn án bá parí. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ Limited, ọdún 6 lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò rẹ̀. Ìwé VAT, owó orí ọjà, náà, ọdún 6. Ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ nílùú yìí, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí tó fi máa kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ fi ọdún 2 lé e. Ti àwọn tí ẹ ń tọ́jú, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi ka àdéhùn yín pẹ̀lú káńsù. Àkókò tirẹ̀ sábà máa ń gùn ju ìyókù lọ.

Ní ti shredder, ẹ wo nọ́ńbà P tó wà lára páálí rẹ̀, òun ló ń sọ bó ṣe ń gé ìwé kéékèèké tó. P-2 ń gé ìwé ní ilà gígùn, kò dáa tó. Bí ìwé bá fẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ á nà gbọrọ sórí ilà kan ṣoṣo, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì á ṣeé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. P-4 ni kí ẹ rà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kì í ju 160 mm² lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tètè máa ń gbóná. Pẹ̀lú bí tiyín ṣe pọ̀ tó yẹn, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń gé ìwé. Àwọn mìíràn ń gbé ọkọ̀ wá, wọ́n á gé e lójú yín. Ìyẹn lèmi fẹ́ràn jù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé BS EN 15713, ìlànà pípa ìwé àṣírí run, ẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa á run. Ìwé tí ẹ fi fa ìdọ̀tí náà lé wọn lọ́wọ́, ọdún 2 ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston):
Amẹ́ríkà náà ò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ra ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wádìí èèyàn kí ẹ tó gbà á, òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní dandan ni kí ẹ pa á run lọ́nà tó yẹ, bíi kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ gé e débi tí kò ní ṣeé kà mọ́.

Bàbá Tósìn (Croydon):
Ẹ má gbàgbé kọ̀ǹpútà o! Laptop ọ́fíìsì tó bá ti gbó, inú dúrọ́ọ̀mù tó ń lọ sí Èkó la máa ń jù ú sí, fún àbúrò. Bí ẹ bá kàn pa fáìlì rẹ́ lásán, ó ṣì wà lórí dísìkì, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè hú u jáde. Lórí Windows, ẹ lọ sí Reset this PC, ẹ mú Remove everything, kí ẹ sì tan Clean data. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlera ló wà lórí rẹ̀, ẹ yọ dísìkì náà kúrò, kí àwọn tó ń gé ìwé bá yín fọ́ ọ, kí ẹ wá ra òmíràn sí i fún àbúrò. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tí ẹ yá náà lè ní dísìkì nínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nù ún kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì (Leeds):
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi gé ńkọ́, ṣé bíìnì ìwé ni kí n dà á sí?

Àǹtí Akáǹtì (Luton):
Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ọ́fíìsì yín ná. Ọ̀pọ̀ kì í gba wẹ́wẹ́ ìwé, torí ó ń jò kúrò lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣà á. Rìsíìtì orí pépà dídán yẹn, ẹ má dà á mọ́ ọn, wọn kì í tún un lò.