Èsì: «Ìtàn àfidípò» àti ilẹ̀ «baálé» Burgundy

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Àpilẹ̀kọ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá dùn ún kà: bí Burgundy kò bá fọ́ ní 1477, ìbá ṣì wà láàárín Faransé àti Jámánì títí dòní, alágbára láàárín alágbára. «Ilẹ̀ baálé» ni ẹ̀gbọ́n pe Burgundy, ìyẹn ilẹ̀ tí olórí rẹ̀ kì í ṣe ọba, «ìtàn àfidípò» ni wọ́n sì pe ìtàn tó ń ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló bí mi nínú. «Ìtàn àfidípò»! Àfidípò kẹ̀? Bí táyà bá bẹ́ lọ́nà, sípíà tó wà ní bùùtù ni àfidípò. Ta ló wá yọ ìtàn tòótọ́ kúrò nípò? Charles, olórí Burgundy, kú lójú ogun ní Nancy lọ́jọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1477. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ níhòòhò nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tó ti dì gbagidi, ìkookò ti jẹ ẹ́ lójú, àpá ara àti èékánná ni wọ́n fi dá a mọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi dípò ìyẹn?

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. «A bá mọ̀» ló bí àbámọ̀. «Bá» yẹn gan-an ló ń gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀: ǹ bá ti lọ, ìwọ ìbá ti rí i. Ẹ jẹ́ ká pè é ní «ìtàn ìbáṣepé», ó parí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé «ì» inú ìbá kì í ṣe èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di orúkọ. Ṣé «a» inú àbámọ̀ wá ń ṣe é ni?

Ẹni tó ní «àròsọ» ti tó, rárá o. Nínú àròsọ, ẹ lè jẹ́ kí ẹṣin fò. Nínú ìbáṣepé, okùn kan ṣoṣo lẹ máa tú, ìyókù á wà bó ṣe wà. Ìbá ṣe pé Charles bí ọkùnrin, Louis XI, ọba Faransé, kì bá tí rí àwáwí gba Burgundy pé obìnrin kì í jogún rẹ̀. Mary nìkan ló bí. Ọdún 1477 yẹn náà ni Mary fẹ́ Maximilian, ọmọ olú ọba Jámánì, Flanders àti Brabant, tí wọ́n jẹ́ ti Charles tẹ́lẹ̀, sì bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Habsburg, ìdílé ọkọ rẹ̀.

Ó ku «ilẹ̀ baálé». Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Baálé ló ni agbo ilé, baálẹ̀ ló ni ìlú tí kò ládé. Bàbá tó bí bàbá mi kò mọ̀wé, àmọ́ bí ẹ bá pe baálẹ̀ ìlú kan ní baálé níwájú rẹ̀, á bi yín pé ìyàwó mélòó ni ìlú náà ní.

Bí ẹ bá sì fi ohùn ìsàlẹ̀ àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i kó di baálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá Burgundy mu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti 1363 tí ọba Faransé ti fi ilẹ̀ náà jíǹkí ọmọ rẹ̀ Philip ni wọ́n ti ń kó ìlú pọ̀. Owó Bruges àti Ghent, àwọn ìlú olówó ní Flanders, wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ ogun wà, adé ni kò sí. Ní 1473 Charles lọ bá Frederick III, olú ọba Jámánì, ní Trier pé kó dé òun ládé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dúnàádúrà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kan, Frederick ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ìbáṣepé ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Nancy. Lorraine, ilẹ̀ tí Nancy wà, ló wà láàárín Burgundy gan-an ní gúúsù àti Flanders pẹ̀lú Brabant ní àríwá, bí ilé olójúlé méjì tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Charles ń jà fún tó fi kú, lẹ́yìn tí àwọn ará Switzerland ti nà án lẹ́ẹ̀mejì ní 1476, ní Grandson àti ní Morat.

Ẹni tó sì ń jiyàn pé àbá inú àbámọ̀ ni àbá tí ikán ń dá: dídá là ń dá àbá. Ẹ bá mi dá àbámọ̀ kan ká gbọ́. Kíká là ń ká a.