Dírénéèjì ẹ́síteètì: ṣé kí n kúrò nínú Excel bọ́ sínú Civil 3D pátápátá?

ỌmọAkọ́bọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ títì ẹ́síteètì kan ló wà lọ́wọ́ wa n'Íbàdàn, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ lọ sídìí odò. Civil 3D (sọ́fíwéà tí wọ́n fi ń ya títì àti gọ́tà lórí kọ̀ǹpútà) la fi ya títì ṣùgbọ́n Excel ni mo fi ń ṣírò gọ́tà, ẹni tó ń ya títì ọ̀tọ̀ èmi náà ọ̀tọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé títì sókè díẹ̀ tàbí fà á wálẹ̀ ó di kí n tún ìsàlẹ̀ gọ́tà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá sì yá ohun tó wà nínú dráwìn-ìn ò ní bá ti Excel mu mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá fóòmánù pè mí láti sáìtì pé ìsàlẹ̀ kọ́fátì (ihò omi tó gba abẹ́ títì) ga ju ìsàlẹ̀ gọ́tà tó fẹ́ já sínú ẹ̀ lọ, pé ṣé omi á wá gun òkè ni? Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ sójú kan? Civil 3D yìí náà ni àbí OpenRoads tóun náà ń ya títì? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ẹ jọ̀ọ́ ẹ sojú abẹ níkòó fún mi.

ẸnjiníàGọ́tà
Àbúrò, kó gbogbo ẹ̀ wọbẹ̀. Torí irú wàhálà yìí gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ilẹ̀ tí sàfẹ́yọ̀ wọ̀n lo máa fi ṣe surface (àwòrán ojú ilẹ̀), wàá fa títì gba orí ẹ̀, wàá gbé pipe network (gọ́tà, páìpù àti mànhóòlù) lé e, ilẹ̀ tí omi ẹ̀ ń ṣàn wọ gọ́tà kọ̀ọ̀kan náà á wà níbẹ̀ bíi catchment, tó o bá ṣe tán wàá kó o lọ sínú Storm and Sanitary Analysis (sọ́fíwéà tó ń ṣírò omi), ibẹ̀ lo ti máa rọ òjò lé e lórí. OpenRoads ti Bentley náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n títì yín ti wà nínú Civil 3D, kí lo tún ń wá lọ?

Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn rèé o: tí títì bá lọ sókè, orí mànhóòlù tó o so mọ́ surface á bá a lọ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ páìpù ò ní tẹ̀ lé e, ibi tó wà ló máa wà àfi tó o bá lo Apply Rules (àṣẹ tó ń tún páìpù tò). Ohun tí fóòmánù yín rí yẹn lè ṣẹlẹ̀ nínú Civil 3D náà, ṣó o rí i. Títì bá ti yí padà pẹ́rẹ́n, ṣí profile (àwòrán tó ń fi gíga títì àti gọ́tà hàn láti ẹ̀gbẹ́), fojú tẹ̀ lé ìsàlẹ̀ gọ́tà láti òkè títí dé ibi tó ń já sí.

Má sì ju Excel nù. Ká ní ilẹ̀ tó ń da omi wá jẹ́ hẹ́kítà 6, C (ìpín òjò tó ń ṣàn lọ dípò kó wọlẹ̀) jẹ́ 0.7, òjò jẹ́ mílímítà 120 ní wákàtí kan: 0.7 × 120 × 6 ÷ 360, ìyẹn kúbíìkì mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sọ́fíwéà bá gbé ohun tó jìnnà sí i wá, lọ wò ó bóyá template ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ti Amẹ́ríkà lo ṣí.

SùúrùLẹ́kkí
Ọ̀gá ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹni tí ò bá lówó láísẹ́nsì, sọ́fíwéà SWMM ti EPA (àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká) ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà, ọ̀fẹ́ ni, láti 1971 ló ti wà, kò ní bá ẹ ya títì o àmọ́ ìṣírò omi ibẹ̀ dáa gan-an.

Ohun tó ká mi lára ni ibi tí omi ń já sí. Sọ́fíwéà máa bi ẹ́ pé irú outfall wo ni, ọ̀pọ̀ á kàn mú free, bíi pé kò sóhun tó máa dá omi dúró. Ní Lẹ́kkí níbí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọ̀sà bá ti kún, omi inú gọ́tà ò ríbi lọ mọ́, ẹni tó fi free sí i ti ṣírò gọ́tà tí kò sí láyé. Odò tiyín ń kọ́? Ọ̀gùnpa tó kún ní 31 oṣù kẹjọ 1980, àti omíyalé 26 oṣù kẹjọ 2011, n'Íbàdàn náà ni. Lọ bá àwọn àgbà tó ń gbé lẹ́bàá odò yẹn, wọ́n máa fi ibi tómi dé lára ògiri hàn ẹ́, kí sàfẹ́yọ̀ wọ̀n ọ́n, òun ni kó o fi ṣe ojú omi lẹ́nu outfall.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, yanrìn. Gọ́tà kọ́ńkéré tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú ẹ̀ jìn ní 0.8, ìdagẹ̀rẹ́ 0.005, n (bí ara gọ́tà ṣe rí gbágungbàgun sí) 0.015, ó ń gbé bíi kúbíìkì mítà 1.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbé 1.4 tí ọ̀gá ṣírò yẹn. Kí yanrìn àti pàǹtírí gba ìdajì ẹ̀, ó di bíi 0.7. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, gọ́tà tó dí sì ti gbà fún un nìyẹn. Ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú módẹ́ẹ̀lì, sọ gọ́tà di ìdajì, kó o wo ilé tómi máa kọ́kọ́ wọ̀.

TúndéManchester
Ẹ má bínú tí mo já lu ọ̀rọ̀ yín. InfoDrainage, sọ́fíwéà dírénéèjì, la ń lò níbi iṣẹ́ mi, òun àti Civil 3D jọ ń sọ̀rọ̀. Ní England níbí wọn ò gbà kéèyàn kàn lé omi lọ: òjò ọgbọ̀n ọdún (irú òjò ńlá tó ń wá bíi ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ọdún) ò gbọdọ̀ kún jáde nínú dírénéèjì, ti ọgọ́rùn-ún ọdún pẹ̀lú àfikún ojú ọjọ́ tó ń yí padà ò gbọdọ̀ wọlé èèyàn, ìyẹn la ṣe ń wa ibi tómi á ti dúró kó tó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ koríko tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ wá da kọ́ńkéré sí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ni omi ẹ̀ máa lọ bá. Ẹ bá wọn wá ilẹ̀ fún adágún kékeré kan, ẹ fi sínú módẹ́ẹ̀lì kẹ́ni tó ni ẹ́síteètì fojú ara ẹ̀ rí ìyàtọ̀.

ỌmọAkọ́bọ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Òjò wo ni kí n wá fi sí i? SCS Type II (ìlànà bí òjò ṣe ń rọ̀) tí mo bá níbẹ̀ ńkọ́?

ẸnjiníàGọ́tà
Rárá o, òjò Amẹ́ríkà nìyẹn. IDF Ìbàdàn (àtẹ bí òjò ṣe ń le tó, bó ṣe ń pẹ́ tó àti bó ṣe ń wá léraléra tó) ni kó o wá, tó ò bá rí i, béèrè àkọsílẹ̀ òjò lọ́wọ́ NiMet (àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́), bẹ̀rẹ̀ lónìí torí ó lè pẹ́. Tó o bá ti kó o wọlé gbé fáìlì ẹ̀ wá síbí, ká jọ wo kọ́fátì yẹn.