Mo ṣi lẹ́tà kọ, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ṣé kí n sọ fún wọn pé dyslexia ni, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà àti kíkọ?

Oníná Láfẹ́nwá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ èyí. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí àṣìkọ níbẹ̀, tirẹ̀ ni. (Ó ní òun ò ní tẹ ìyẹn. Ó ti tẹ̀ ẹ́.)

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta, láti orí wáyà ilé dé orí inverter àti sólà. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín àwa oníná pé bátìrì méjì tí òun ń lò ti ń rẹ̀ ẹ́, ṣé òun lè ra méjì tuntun kún un kó di mẹ́rin. Mo ní kó má dán an wò. Bátìrì tó ti gbó á máa fa iná lára tuntun, iṣẹ́ ò ní pín dọ́gba láàárín wọn, ooru á wọ̀ ọ́, tuntun á sì gbó ṣáájú ọjọ́. Mo tún ní kó wo wáyà tó ti ara bátìrì lọ sí inverter dáadáa. Inverter 24 volts tó bá ń gbé 2,400 watts, 100 amps ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Tó bá jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, yíyọ́ ló máa yọ́.

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Bí mo ṣe kọ ọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sì kọ "batrey". Mo kọ "wrie". "Fuse" di "fues". Ọ̀gá kan tí kò sọ ohunkóhun nípa bátìrì ló fò wọlé, ó ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ wire kí n tó fọwọ́ kan wire. Ẹ wá wo ẹ̀rín! Wọ́n ya fọ́tò ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ń gbé e kiri. Ẹlòmíì ní irú wa ló ń dáná sunlé onílé. Ẹni tó béèrè wá lọ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ já gaara, ìyẹn sì ní kò séwu, kó to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí. Èébú ò ṣàjèjì sí mi. Ní pírámárì, bí tíṣà bá ti ní kí n dìde kàwé, kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó yanu. Olódo ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ olódo yìí kan náà ni tíṣà ń rán ní kó wá tún rédíò òun ṣe o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Birmingham. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò nílé ìwé, wọ́n ní dyslexia ló ní. Wọ́n wá bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ẹlòmíì wà nínú ẹbí tó ní in, torí ó máa ń wà nínú ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà fún mi. Àfi bíi pé èmi ni wọ́n ń ròyìn. Ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ èmi wò o, mi ò ní purọ́.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé bó ṣe ń ṣe mí nìyí, àbí kí n kúkú ṣíwọ́ ìwé kíkọ síta, kí n gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi?

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ má ṣíwọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ pírámárì, mo sì mọ irú ọmọ tẹ́ ẹ ń sọ. Àwọn òbí á ní ojú ni, wọ́n á lọ ra awò fún un. Kì í ṣe ojú. Ní ọdún 1896, dókítà kan ní England, W. Pringle Morgan, kọ̀ròyìn nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Percy sínú British Medical Journal. Ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ìṣirò, ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àmọ́ tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, "Precy" ló máa kọ. Ẹ wo "wrie" yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Tíṣà tó ń kọ́ ọ sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù nílé ìwé náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ gbà báyìí ni pé ibi ìró ni ìṣòro ọ̀pọ̀ wọn wà, ìyẹn ni pé kéèyàn ya ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó sì so ó mọ́ lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ló tún wá ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn "though", "through" àti "cough": ìkan náà ni wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dún bákan náà. Ní 2001, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n yẹ àwọn tó ní dyslexia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì wò. Ibì kan náà nínú ọpọlọ ni kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ lára gbogbo wọn, àmọ́ àwọn ará Ítálì kàwé dáadáa ju àwọn yòókù lọ, torí pé bí wọ́n ṣe ń kọ èdè tiwọn ló ṣe ń dún.

Yorùbá tiwa náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ di ẹkún, tó sì ń ka Yorùbá, díẹ̀díẹ̀ o, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: bá, tì, rì. Àmì orí àti ti abẹ́ ṣì máa ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tìtorí ìyẹn gba máàkì lọ́wọ́ ẹ̀ bí ìdáhùn bá ti tọ̀nà. Ọ̀gá wa ò fara mọ́ ọn, a ti fà á títí.

Ọmọ Kò-sí-ìsinmi:

Ẹ forí jì mí, èmi ò ní bá wọn pọ́n yín lé. Gbogbo nǹkan la ti sọ di àìsàn òyìnbó. Fóònù yín ò ní autocorrect ni? Ẹni tí kò bá lè fara balẹ̀ ka ohun tó kọ kó tó fi ránṣẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó máa fara balẹ̀ so wáyà ilé mi? Oníná tó bá kọ 25 síbi tó yẹ kó kọ 2.5 fún ìwọ̀n wáyà, ta ló máa jìyà ẹ̀?

Oníná Láfẹ́nwá:

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ó sàn kéèyàn bi mí báyìí ju kó máa ya fọ́tò mi kiri.

Ọ̀rọ̀ iye yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Ìyàwó mi ló ń kọ rìsíìtì, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ka iye wáyà padà fún mi sókè kí n tó gé e. Kò tíì sí oníbàárà tó ráhùn. Wáyà fúnra ẹ̀ kì í dà mí rú. Ẹ ṣí pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ síwájú mi, màá sọ ibi tí iná ti ń já fún yín kẹ́ ẹ tó gbé tẹ́sítà. Lẹ́tà nìkan ló ń sá fún mi.

Ti autocorrect, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ó máa gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú yín pé ẹ mú ìkan. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè mú. Mo ti mú èyí tí kì í ṣe rí, fóònù ò sì fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìyẹn tiẹ̀ burú ju "wrie" lọ, torí ẹni tó bá rí "wrie" ṣì mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín mi ló mọ̀ pé wáyà ni mò ń sọ. Ìwé tí mo sì ń kà padà tẹ́lẹ̀ kó tó lọ, ìgbà mélòó ni mo kà á! Bí mo ṣe fẹ́ kó wà ni mò ń rí.

Nọ́ọ̀sì Salford:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ní in, wọ́n sì yẹ̀ mí wò. Yunifásítì ni mo wà níbí kí ẹnikẹ́ni tó fura. Látìgbà náà, bí wọ́n bá fún àwọn yòókù ní wákàtí méjì fún ìdánwò, èmi á gba méjì àti ààbọ̀. Níbi iṣẹ́, mo sọ fún ọ̀gá mi, torí òfin Equality Act ti 2010 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí kì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ irú wa jẹ, wà lẹ́yìn mi, ó sì lè ṣe nǹkan sí i. Orúkọ oògùn tó bá jọra, nọ́ọ̀sì kejì àti èmi á kà á sókè ní lẹ́tà-lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo sọ ọ́ rí nígbà tí ẹnì kan bú mi. Ìkan ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá. Ìkejì ní àwáwí ni. Títí ilẹ̀ fi ṣú, dyslexia mi la ń jiyàn lé, ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tí mo wá sọ. Ohun tí ẹni tó ń wá àṣìkọ lẹ́tà kiri fẹ́ gan-an nìyẹn, pé kí ọ̀rọ̀ yà kúrò lórí ibi tí kò ti ní èsì. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Fún àwọn yòókù, ẹ kàn sọ pé: "Wáyà ni mo fẹ́ kọ. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sọ sí bátìrì tó gbó?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́: fóònù lè ka ohun tẹ́ ẹ kọ sókè kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ tan Select to Speak. Etí yín á gbọ́ "wrie" tí ojú yín ò rí.

Tíṣà Mọ́kọ́lá:

Ẹ tún máa ya fọ́tò, bọ̀ọ̀dá. Wáyà tó yọ́, bátìrì tó wú, ẹ gbé e síwájú kí ẹnikẹ́ni tó ka lẹ́tà kankan. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tó béèrè yẹn lọ sí ìkọ̀kọ̀.

Oníná Láfẹ́nwá:

Mo ti pè é lánàá, tíṣà, nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tó kọ. Kò tíì ra bátìrì. Ó ní òun á ro ó.

Àǹtí nọ́ọ̀sì, nǹkan tó ń kàwé sókè yẹn, ṣé ó ń ka Yorùbá?

Nọ́ọ̀sì Salford:

Tèmi ò kà á dáadáa o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú oríkì bàbá mi, ó kà á bí òyìnbó tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ti Yorùbá, ẹ kúkú fi ohùn yín ránṣẹ́.