Edward ni orúkọ ìsàmì bàbá mi: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Alájọ, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi bí ọkùnrin lọ́jọ́ Sátidé, Sátidé tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ. Oṣù kẹrin rèé tí bàbá mi kú, nítorí náà Babátúndé ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Orí Edward ni wàhálà wà, orúkọ ìsàmì bàbá. Màmá mi ní dandan ni kí ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orúkọ òyìnbó lásán ni, kò nítumọ̀, kí a jẹ́ kó bá bàbá lọ.

Alájọ ni bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń rìn láti Ṣábó dé Ìta Ẹlẹ́wà láràárọ̀, pẹ̀lú báàgì aláwọ kan tí ìdè rẹ̀ já, tó fi okùn àwọ̀n so. Bí àwọn ìyá ọjà bá ti gbọ́ "Ẹ́dì dé o!", wọ́n á ti nawọ́ káàdì. Nígbà tó kú, wọ́n wá kí wa, ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́, wọn ò lè béèrè owó níwájú opó. A ṣí àpótí rẹ̀. Owó olúkúlùkù pé, ó wà nínú àpòòwé, orúkọ lára rẹ̀. Ìyá kan ti kó lọ sí Ìmọ̀ta láti ọdún mẹ́ta, kò tíì wá gba tirẹ̀ títí di òní. Owó náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Edward túmọ̀ sí? Níbo ló ti wá? Ṣé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣì ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Olùkọ́, Ìgbógbó

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù. Ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ó nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ead ni ọrọ̀, ọlà, àlùbáríkà. Weard ni olùṣọ́. Edward ni ẹni tó ń ṣọ́ ọrọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn ń sọ ọmọ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Bí ilé ọba tiwa ṣe ní Adé, tí ilé ọdẹ ní Ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ọba Wessex, ìjọba kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ràn Ead. Edward ọmọ Alfred jọba láti 899 sí 924. Ó bí Edwin, ó bí Edmund, ó bí Eadred. Edgar, ọmọ Edmund, náà jọba. Kódà Edith tí àwọn ìyá àgbà wa ń jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ead yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní 1066, àwọn Norman ti ilẹ̀ Faransé wá, wọ́n gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n kó William, Robert àti Richard tiwọn dé. Kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ baba wọn sílẹ̀, wọ́n ń jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ́gun wọn. Ta ló ń jẹ́ Ethelred mọ́? Edward ni kò kú. Ọba Edward mìíràn, tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wàjà ní oṣù Kìíní 1066, ni póòpù kéde ní ẹni mímọ́ ní 1161. Ọba Henry Kẹta fẹ́ràn ẹni mímọ́ yìí débi pé ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Edward ní 1239. Ọmọ náà jọba ní 1272. Edward ni ọmọ rẹ̀ tó jẹ tẹ̀ lé e, Edward náà ni ọmọ ọmọ rẹ̀, títí di 1377.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé orúkọ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ni.

Ará Àgbádárìgì

Mà, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni mo wà. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní 1842 pẹ̀lú ìwàásù. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gba ìsàmì sábà máa ń gba orúkọ mìíràn mọ́ ọn. Kí Freeman tó dé pàápàá, Àjàyí tiwa, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un ní 1825, ó di Samuel Crowther. Ṣùgbọ́n ẹ rántí David Brown Vincent, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi: ní 1894 ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó di Mójọlá Àgbébí. Kò sì fi Jésù sílẹ̀. Orúkọ tí ìyá ọmọ kò lè fi kì í, kí la fẹ́ fi ṣe?

Tẹ́ ẹ bá máa fi Edward kún un, ẹ jẹ́ kí Babátúndé ṣáájú nínú ìwé ìbí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bútẹ́

Ní ti bóyá wọ́n ṣì ń jẹ́ ẹ: ní Amẹ́ríkà, láàárín 1910 sí 1929, ó wà nínú orúkọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin, ó ti wálẹ̀ gan-an báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò parẹ́. Àbúrò Ọba Charles, tí wọ́n bí ní 1964, Edward ni. Adé tí wọ́n sì dé Charles lórí nígbà tó jọba ní 2023, adé Edward Mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Ní ti ìkékúrú, wọ́n ní Eddie, wọ́n ní Ted, wọ́n ní Ned. Mo fẹ́ràn Ẹ́dì tiyín ju gbogbo wọn lọ.

Ọmọ Alájọ, Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Olùkọ́ sétí màmá mi lálẹ́ àná. Ó ní kí n tún un kà láti ibi "olùṣọ́". Ó wọ yàrá lọ, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Babátúndé Edward la ó kọ, Babátúndé ló ṣáájú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ lọ títí tí mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ìyá Ìmọ̀ta ti wá gba àpòòwé rẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀ fún òun, pé òun á gbé e lọ fún un lọ́jọ́bọ̀, kí ọjọ́ ìkómọ tó pé.