Mo fi ẹ̀wà bo ilẹ̀, kí ló dé tí àgbàdo mi ń pupa?

Ìyá Alágbàdo: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀pẹ́ ni oko mi, ilẹ̀ yanrìn: òjò àárọ̀ á ti gbẹ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní kí n gbin ẹ̀wà bo ilẹ̀, pé á fún àgbàdo lóúnjẹ. Mo ká ẹ̀wà náà, mo tà á, mo wá ro ìtàkùn gbígbẹ àti pòròpórò èṣí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo gbin àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ewé ìsàlẹ̀ ti pupa rúsúrúsú láti ṣóńṣó wá sáàárín. Ṣé wọ́n tàn mí ni?

Bàbá Ẹlẹ́gùúsí: Wọn ò tàn yín. Bí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná là á: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń gba náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, látinú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti so, inú èso ló ń kó èyí tó pọ̀ jù sí. Oúnjẹ ilẹ̀ lẹ gbé lọ sọ́jà yẹn, ìyá.

Ọmọ Àgbẹ̀: Pòròpórò gan-an lèmi fura sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ kì í rí náítírójìn tó nínú rẹ̀, ti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń fà, àgbàdo á wá máa wòran. Ẹ wá ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, ẹ má jẹ́ kó kan igi àgbàdo. Nígbà míì, ẹ gé ẹ̀wà ní tútù, kẹ́ ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìn.

Ìyá Alágbàdo: Háà! Owó ẹ̀wà ọ̀hún náà ni mo máa fi ra ìgbẹ́ adìẹ báyìí.