Ṣé eré sísá nìkan kọ́ ni "run" ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹta mi rèé ní Leeds, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lánàá, màmá kan ní kí n "run" báàfù fún àwọn. Mo fi eré gé e dé ilé ìwẹ̀, mo wo inú báàfù, mo tún fi eré padà wá sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Àṣé omi ni kí n pọn sí i! Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ní mílíìkì ti "run out". Ẹnu ọ̀nà ni mo bojú wò. Ibo ló sá gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ìtumọ̀ mélòó lọ̀rọ̀ yìí ní?

Bàbá Tíṣà:
Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ńlá tọdún 1989, "set" ni àlàyé rẹ̀ gùn jù. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, "run" gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́: ìtumọ̀ 645 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan! Ẹ má há a sórí o. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ máa wò. "Run out", ó tán. "Run into" ọ̀rẹ́ yín, ẹ ṣàdédé pàdé ẹ. "Run into" ògiri, ẹ kọlù ú. "Run over", ọkọ̀ tẹ èèyàn. Ẹni tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù ló ń bójú tó o. Ẹni tó ń "run" fún gómìnà ń du ipò. Imú tó ń "run", ikun ló ń dà.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú Gẹ̀ẹ́sì, "pa" tiwa ńkọ́? Ọkọ àbúrò mi, ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tó bá "pa" nǹkan ti gbẹ̀mí ẹ̀. Àǹtí wa wọlé, aṣọ wọn rin gbindingbindin: "Òjò pa mí, ebi ń pa mí, ẹ bá mi pa fáànù yẹn." Ó rọra pa ìwé ẹ̀ dé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá ní òun fẹ́ "run" nǹkan kan "by" mi. Mi ò sá o. Mo fìdí kalẹ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí mo rò sí iṣẹ́ alẹ́ ni.