"Ìbọ́gun" kò lè ru ẹrù yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe logistics àwọn ológun, ìyẹn ètò pípèsè àti kíkó gbogbo ohun tí ọmọ ogun nílò, ní "ìbọ́gun", mo kí yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí rárá. Ẹ ní ebi kì í jẹ́ kí ọmọ ogun jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan ni "bọ́" mọ̀. A ń bọ́ ọmọ, a ń bọ́ adìyẹ. Ta ló ń bọ́ ẹ̀tù ìbọn? Ta ló ń bọ́ afárá tí omi wó, tàbí ẹni tí ọta bà lẹ́sẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé kúrò lójú ìjà? Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá sì gbàgbé àmì òkè kan péré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé Ògún là ń bọ.

Ẹ sọ pé ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. A gbà, a sì ń wárí. Àmọ́ ọjọ́ orí olùkọ́ kò lè fi ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kún un.

Ẹ wo ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bára wọn jà. Lẹ́yìn tí rògbòdìyàn yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù àti ìbọn sì di ọ̀wọ́n. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ní tiwọn ní ọmọ ní Èkó tó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Ṣáájú ìgbà náà, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olórí ogun Ìbàdàn láwìn, títí gbèsè fi dá ìjà sílẹ̀. Ṣé obìnrin yẹn ń "bọ́" ogun ni?

Ẹ tún wo Bọ́mà ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, wọ àfonífojì Kaladan, orí ni àwọn aláàárù fi ru ẹrù gba inú igbó, bàálù sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ẹni tó ru ọta, ẹni tó la ọ̀nà, ẹni tó gbé aláìsàn, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Àwọn àgbà tí mo bá láyé ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n ní ẹnì kan "gbọ́ bùkátà". Oúnjẹ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀. "Ìgbọ́bùkátà ogun" ni mo fara mọ́.

Ẹnì kan ti kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ Hausa ni bùkátà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni, àlàáfíà náà kò sì hù ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹlòmíràn ní "àgbọ́bùkátà" ló tọ́, ó fi àtìlẹ́yìn àti àbójútó jẹ́rìí. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n "ìgbọ́ràn" là ń wí, a kì í wí "àgbọ́ràn". Lórí ì- yẹn, mi ò tíì ṣe tán láti yẹ̀.